Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ ni Kí O Sọ fún Éjẹ́ńtì

Jókòó dáadáa. Bí o bá ti ní kọ̀ǹpútà, iná díẹ̀, dátà díẹ̀ àti ìgboyà púpọ̀, o ti tó ẹni tí mo lè kọ́. Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe kò le. A fẹ́ kọ àlàyé irinṣẹ́ fún éjẹ́ńtì AI lọ́nà tí éjẹ́ńtì náà kò fi ní mọ ohun tí irinṣẹ́ wà fún. Mo mọ̀ pé ohun tí ò ń wá nìyẹn, torí mo ti ka èyí tí o kọ́kọ́ kọ.

Éjẹ́ńtì tí mo ń wí kì í ṣe èyí tó máa gba owó kọmíṣọ̀n àti owó àgírímẹ́ǹtì lọ́wọ́ rẹ nítorí yàrá kan ṣoṣo ní Òkè Àdó o. Ìyẹn ní ẹsẹ̀, ó sì mọ̀nà. Tiwa yìí jẹ́ AI tí a gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́. O sọ ohun tí o fẹ́ fún un, ó wo àwọn irinṣẹ́ tí o kó síwájú rẹ̀, ó mú èyí tó rò pé ó bá iṣẹ́ mu, ó lò ó, ó wo èsì, ó tún mú òmíràn. Oṣù kẹfà ọdún 2023 ni OpenAI ṣí ọ̀nà yìí sílẹ̀ fún àwọn tó ń kọ kóòdù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Anthropic gbé ìlànà tí wọ́n ń pè ní MCP jáde, kí irinṣẹ́ ẹni kan lè máa bá éjẹ́ńtì ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n ń tún kóòdù kọ. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀dọ́ kan tó ní kọ̀ǹpútà láti Mọ́lété dé Dùgbẹ̀ tí kò fẹ́ ṣe tirẹ̀. Èmi náà ṣe tèmi, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ní Òkè Bọ́lá níbí, fún àǹtí mi tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba. Ohun tí mo fẹ́ kọ́ ọ yìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.

Ohun kan ni kí o mọ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí o lè mọ ibi tí wàá ti bà á jẹ́. Éjẹ́ńtì kì í rí inú kóòdù rẹ. Ohun tó ń rí kò ju mẹ́ta lọ: orúkọ irinṣẹ́, àlàyé irinṣẹ́, àti àwọn àlàfo tó gbọ́dọ̀ kún kó tó lè lò ó. Ó dà bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n mú dé láti ọ̀nà jíjìn lóru, tí wọ́n ní kó dáná láàárọ̀ ọjọ́ kejì nínú ilé ìdáná tí gbogbo agolo inú rẹ̀ wà ní dídé. Ohun tí wọ́n bá kọ sára agolo ló máa fi mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ọṣẹ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìdí agolo ni à ń lọ.

ÌGBÉSẸ̀ KÌÍNÍ: Gbà pé ọmọlúàbí ni

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Di òwe yìí mú ṣinṣin. Ẹ̀rọ tó ti ka ìwé tó tó báyẹn, ṣé ìwọ lo fẹ́ máa ṣàlàyé kóńgò fún un? Àrífín ni. Bí o bá kọ ọ̀rọ̀ gún régé, ó lè rò pé o ò ka òun sí. Nítorí náà, kọ ààbọ̀. Bó bá dénú rẹ̀, kò ní ṣàìdi odidi. Odidi kí ni? Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tìrẹ.

Má ṣe jókòó máa rò ó pé ọmọlúàbí tí òwe ń wí ti bá ọ gbé agbo ilé kan náà, pé ó mọ ẹni tó jẹ gbèsè, ó mọ ẹni tó kú, ó sì mọ ìdí tí a kì í fi í dárúkọ bàbá àgbà níwájú ìyàwó kékeré. Irú ìrònú bẹ́ẹ̀ a máa fa iṣẹ́.

ÌGBÉSẸ̀ KEJÌ: Sọ irinṣẹ́ lórúkọ

Òfin kan wà tó máa gbè ọ́ níbí. OpenAI kò gbà kí ohunkóhun wọ inú orúkọ irinṣẹ́ ju lẹ́tà a dé z, nọ́ńbà àti ìlà kékeré lọ, gbogbo rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju 64 lọ. Kò sí àmì ohùn. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ. Láti ayé Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni wọ́n ti ń làágùn lórí bí a ó ṣe máa fi àmì sí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ìwọ á gbá gbogbo rẹ̀ dànù láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹnikẹ́ni kò sì ní dá ọ lẹ́bi, òfin ni.

Irinṣẹ́ tí mo fi ń wá ọkọ̀ tó máa gbé ẹrù oníbàárà, wa_oko ni mo pè é. Wò ó dáadáa. Ó lè jẹ́ wá ọkọ̀. Ó lè jẹ́ wa ọkọ̀, bíi ti ẹni tó di ìdarí mú. Ó lè jẹ́ wá ọkọ́, bíi ti àgbẹ̀ tí ọkọ́ rẹ̀ sọnù sínú ìgbẹ́. Ó sì lè jẹ́ wá ọkọ. Inú àlàyé ni àyè wà láti fi àmì sí i kí ọ̀rọ̀ yanjú. Ibẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí pé: "Irinse fun wiwa oko." Mo yọ àmì kúrò níbẹ̀ náà kí méjèèjì lè bára mu.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, oníbàárà kan tó ń gbé ní Bẹẹrẹ kọ̀wé sí wa pé òun ti sanwó èlùbọ́. Ó wá fi kún un pé: "E jowo, e ba mi wa oko kiakia ki ile to su." Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mò ń wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ. Éjẹ́ńtì rí i pé irinṣẹ́ kan wà tó bá ẹ̀bẹ̀ yìí mu rẹ́gí. Ó dá obìnrin náà lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Kí n lè bá yín wá ọkọ tó yẹ, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ọdún mélòó ni ẹ fẹ́ kó jẹ́? Ẹlẹ́sìn wo? Bó bá ti bímọ rí ńkọ́?"

Kò sí èsì fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni èyí wọlé: "Ta lo n ba soro? Oko mi lo duro ti mi yii."

Èlùbọ́ sùn sí ìsọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ta ló lè sọ pé éjẹ́ńtì kò fọ̀wọ̀ wọ oníbàárà?

ÌGBÉSẸ̀ KẸTA: Fi orúkọ ṣàlàyé orúkọ

Èyí kò gba àkókò. Bí irinṣẹ́ bá ń jẹ́ sanwo, kọ ọ́ pé: "Ó ń sanwó." Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ pé ta ló ń sanwó, ta ló ń gbà á, ìgbà wo ni kí éjẹ́ńtì lò ó, ìgbà wo ni kó fi í sílẹ̀, fi "lọ́nà tó yẹ" kún un. "Ó ń sanwó lọ́nà tó yẹ." O ti parí.

Mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún ọ nípa àwọn tí kò ní ìfura. Ọmọbìnrin kan ń gbé yàrá kejì sí tèmi, òun náà ń kọ irinṣẹ́. Wo ohun tó kọ sídìí irinṣẹ́ ọkọ̀ tirẹ̀: "Lo irinṣẹ́ yìí láti wá ọkọ̀ akẹ́rù, láàárín Ìbàdàn nìkan. Má lò ó fún èrò. Ibi tí ẹrù wà àti ibi tó ń lọ jẹ́ dandan. Bí oníbàárà kò bá sọ ọ́, bi í, má ṣe méfò. Ó máa dá orúkọ awakọ̀ àti owó ọkọ̀ padà, ní náírà. Kò tíì ní kí awakọ̀ máa bọ̀ o. Irinṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe ìyẹn." Gbogbo àṣírí ilé ló tú síta yẹn! Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá kọ ọ́ tán, ó máa sọ̀ kalẹ̀ lọ kà á sétí ìyá tó ń ta ẹ̀kọ nísàlẹ̀ ilé wa, á ní: "Mà, bí wọ́n bá fún yín ní iṣẹ́ yìí báyìí, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ máa ṣe?" Ibi tí ìyá yẹn bá ti ní "Ẹn?", ó máa gòkè lọ tún un kọ. Odidi akọ̀wé kóòdù ń gba máàkì lọ́wọ́ ẹlẹ́kọ. Má ṣe bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ rìn.

ÌGBÉSẸ̀ KẸRIN: Fi iye sílẹ̀ ní ìhòòhò

Ibi tí owó wà nìyí, fara balẹ̀.

Àlàfo mẹ́ta ni irinṣẹ́ ọjà mi ní: oja, iye, owo. Àlàyé tí mo kọ síwájú wọn ni: ọjà, iye, owó. Iye kí ni? Ẹni tó bá ti tẹ ilẹ̀ Ọjà'ba rí mọ̀ pé kóńgò ni. Wọ́n á bu èlùbọ́ sí i, wọ́n á fi apá ká a jọ, wọ́n á máa bù ú lé e títí yóò fi yọrí ténté bí Òkè Mápó, ẹni tó ń rà á á sì ní "ẹ jẹ́ kó kún", bí ẹni pé kò tíì kún. Láti ọjọ́ tí àǹtí mi ti ń tajà, kò ta èlùbọ́ ní kílò rí. Kí ni mo wá fẹ́ kọ kóńgò sílẹ̀ fún?

Àpọ́n kan ní Bẹyẹrúnká kọ̀wé: "E fun mi ni elubo 5." Ọmọ Ìbàdàn lòun náà, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ lòun náà sọ. Éjẹ́ńtì wo irinṣẹ́ mi, ó rí iye, ó rí 5. Ó yẹ àkọsílẹ̀ ìsọ̀ wò kó lè mọ ohun tí à ń kà, ó sì rí i pé àpò la fi ń ka èyí tó ń wọlé láti Ṣakí. O rí i pé ó ronú. Ó kún àlàfo, ó tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Micra méjì tí búùtù wọn kò ṣeé pa dé ń mí gùdùgùdù wọ àdúgbò náà. Wọ́n já àpò èlùbọ́ márùn-ún sílẹ̀ lẹ́nu yàrá ọkùnrin tó ní ìkòkò kan, ọmọrogùn kan àti ṣíbí méjì. Ilẹ̀kùn kò ṣeé ṣí mọ́. Ojú fèrèsé ló ti pè mí.

"Brọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èlùbọ́ márùn-ún tí mo ní kí ẹ gbé wá, wọ́n ti gbé e dé."

"A dúpẹ́," ni mo wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú wọn ni kí n máa sùn lé?"

Eélòó ló san? Ìyẹn ló mú wa dé àlàfo kẹta. Àwọn Paystack, iléeṣẹ́ tó ń báni gba owó lórí ayélujára, tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní ọdún 2015, kọ ọ́ síta gbangba pé kọ́bọ̀ ni kí o fi kọ iye owó náírà ránṣẹ́ sí àwọn. Bí o bá fẹ́ gba ₦10,000 lọ́wọ́ oníbàárà, 1000000 ni wàá kọ. Wọ́n ti bà á jẹ́ nìyẹn, torí ẹni tó bá kà á kò ní ṣì í. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbáyọ wà. Fi irinṣẹ́ tìrẹ bo tiwọn lórí, pe àlàfo náà ní owo, má sì jẹ́ kí kọ́bọ̀ jáde lẹ́nu rẹ. Iye tó wà nínú ìwé wa fún èlùbọ́ 5 lọ́jọ́ náà ni ₦10,000. Éjẹ́ńtì kọ 10000. Alẹ́ẹ̀tì wọlé sórí fóònù àǹtí mi: ọgọ́rùn-ún náírà, fún àpò èlùbọ́ márùn-ún. Kọ́bọ̀ tí kò lè ra gúgúrú mọ́ láti ọjọ́ yìí, òun ló ra odidi àpò márùn-ún yẹn.

Má jẹ́ kí ojú tì ọ́. NASA ti Amẹ́ríkà pàápàá pàdánù Mars Climate Orbiter, ọkọ̀ tí wọ́n rán sí pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì, lọ́jọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, nítorí pé sọ́fítíwià kan ń fi ìwọ̀n pọ́n-ùn àtijọ́ ṣírò, èyí tó ń gba ìṣírò náà sì rò pé ìwọ̀n newton ni. Bí àwọn tó ń ránṣẹ́ sójú ọ̀run bá lè gbàgbé ìwọ̀n, ta ni ìwọ tó ń ránṣẹ́ sí Bẹyẹrúnká tí wàá rántí?

Bí o bá ń kọ ọjọ́, kọ ọ́ báyìí: 04/05. Níbí, ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin ni. Èlùbọ́ ìgbéyàwó kan ti dé ilé ìyàwó kí ìyàwó tó gbà.

ÌGBÉSẸ̀ KARÙN-ÚN: Jẹ́ kí nọ́ńbà jẹ́ nọ́ńbà

Nọ́ńbà àkáǹtì báńkì ní Nàìjíríà jẹ́ mẹ́wàá, púpọ̀ nínú wọn ló sì fi òdo ṣáájú. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá bi ọ́ ní irú ohun tó máa wọ inú àlàfo náà, má sọ pé ọ̀rọ̀ ni. Sọ pé nọ́ńbà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, òdo tó ṣáájú nọ́ńbà kò níye lórí, á gbá a sọnù, á ku mẹ́sàn-án. Nọ́ńbà fóònù náà ńkọ́? Bákan náà ni. Wàá rí ìsinmi gidi, torí kò ní sí ẹni tó máa lè pè ọ́.

ÌGBÉSẸ̀ KẸFÀ: Àdírẹ́sì

Kọ ọ́ báyìí: "Àdírẹ́sì: ibi tó wà." Má fi àpẹẹrẹ kankan sí i. Má ní kí ó dárúkọ àdúgbò, má ní kí ó dárúkọ òpópónà, má sì dán an wò kí o bèèrè ìjọba ìbílẹ̀. Mọ́kànlá ni wọ́n ní Ìbàdàn, ta ló fẹ́ máa kà wọ́n?

Àwa ọmọ Ìbàdàn mọ bí a ṣe ń júwe ọ̀nà. Bí o bá bèèrè ibi tí mò ń gbé, mo máa ní: "Kọjá ilé Awólọ́wọ̀, bi wọ́n ní Ibadan Boys' High School, má wọlé o, wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ, igi ọdán kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀." Ọdún 1938 ni Olóyè T. L. Oyesina dá ilé ẹ̀kọ́ yẹn sílẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀. Igi ọdán ni wọ́n ti gé. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó mọ̀ mí mọ ibi tí igi náà kò sí mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń yà. Éjẹ́ńtì kún àlàfo pé "igi ọdán". Ọlọ́kadà tó gbé ẹrù náà jẹ́ àlejò, ó ń wá igi.

Lẹ́yìn èyí ni mo kọ́ bí a ṣe ń gé e kúrú. "Òkè" ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nínú àlàyé tuntun tí mo kọ. Òkè Bọ́lá wà, Òkè Àdó wà, Òkè Fọkọ̀ wà, Òkè Ààrẹ wà, Òkè Pàdí wà. Èyí tó bá wu éjẹ́ńtì ni kó mú, ìlú òkè ni Ìbàdàn.

ÌGBÉSẸ̀ KEJE: Má fi irinṣẹ́ kan sílẹ̀ lóun nìkan

Irinṣẹ́ kan máa ń jẹ́ kí éjẹ́ńtì ronú tààrà. Fi kún un. Mo ní gba, tó ń gba ọjà. Nígbà tó bàjẹ́, mo kọ gba2. Nígbà tí mo tún èyí àkọ́kọ́ ṣe, mo pè é ní gba_tuntun. Gba_tuntun_gidi ni èyí tó ń ṣiṣẹ́. Má yọ àwọn tó kù kúrò. Bí gba ṣe ti pẹ́ tó yẹn, ó ní ẹ̀tọ́. Àlàyé kan náà ni kí o fi sára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí wọ́n bá ti di ogójì, gbogbo àlàyé wọn ni éjẹ́ńtì gbọ́dọ̀ kà kó tó dáhùn "ẹ káàárọ̀", owó kíkà náà sì wà lọ́rùn rẹ.

Bí o bá rí i pé ó ń mú èyí tí kò yẹ, kọ PÀTÀKÌ JÙLỌ sórí èyí tó yẹ. Lọ́jọ́ kejì, wàá rí òmíràn tó yẹ kó ní PÀTÀKÌ JÙLỌ. Nígbà tó bá fi máa di ìparí oṣù, gbogbo wọn ló máa ní i. O ò ní jókòó kí o kọ gbólóhùn kan pé "lo èyí fún ọjà tuntun, lo tọ̀hún fún ọjà tí wọ́n dá padà". Ariwo ni ká máa pa.

ÌGBÉSẸ̀ KẸJỌ: Má kìlọ̀

Àwọn irinṣẹ́ kan máa ń wo nǹkan lásán. Àwọn kan máa ń ṣe ohun tí kò ní àtúnṣe. MCP ní àmì kékeré kan, destructiveHint, tí wọ́n fi ń ṣèkìlọ̀ pé irinṣẹ́ yìí lè ba nǹkan jẹ́, àti òmíràn, readOnlyHint, fún èyí tó ń wòran lásán. Fi àwọn méjèèjì sílẹ̀. Ta ni í kọ "ewu" sára ògiri ilé ara rẹ̀?

Irinṣẹ́ tó ń yọ gbèsè ẹni tó ti sanwó kúrò nínú ìwé, pa ni mo pè é. Àlàyé rẹ̀: "Ó ń pa á rẹ́." Àlàfo kan ló ní, orúkọ oníbàárà, n kò sì sọ ọ́ di dandan. Bí àlàfo náà bá ṣófo, gbogbo ìwé ni. N kò kọ ìyẹn síbì kankan. Èmi ni mo ṣáà kọ kóòdù, mo mọ̀ ọ́n.

Ìyá kan tó jẹ wá ní kóńgò mẹ́ta wá sanwó rẹ̀. Ó ní: "E ba mi pa a re." Kò dárúkọ, torí ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Ọjà'ba? Éjẹ́ńtì pa á rẹ́.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, Àǹtí ṣí ìwé gbèsè lórí fóònù. Ó wò ó títí.

"Ọmọ yìí, Ìyá Alákàrà dà?"

"Wọ́n ti san, Àǹtí."

"Onímọ́tò tó kó àpò méjì lọ́dún Iléyá ńkọ́?"

"Àwọn náà ti san, Àǹtí."

"Ta ló rí wọn tí wọ́n ń san án?"

"Kọ̀ǹpútà ni, mà."

Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó tú gèlè, ó tún un wé. Àdúrà tí àwọn onígbèsè Ọjà'ba gbà fún mi lọ́sẹ̀ náà, gómìnà kan kò rí irú rẹ̀ gbà rí.

ÌGBÉSẸ̀ KẸSÀN-ÁN: Bí nǹkan bá bàjẹ́, sọ pé nǹkan ti bàjẹ́

Irinṣẹ́ a máa dá èsì padà, éjẹ́ńtì á sì fi èsì náà mọ ohun tó kàn. Bí nọ́ńbà fóònù bá kù kan, má kọ ọ́ pé "nọ́ńbà fóònù kù kan, bi oníbàárà." Kọ: "Nǹkan ti ṣẹlẹ̀." Éjẹ́ńtì jẹ́ oníforítì. Bó bá rí i pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, á tún un gbìyànjú.

Tèmi tún dára sí i. Irinṣẹ́ tí mo fi ń pe ọlọ́kadà máa ń pè é ná, kó tó wá bàjẹ́ níbi tó ti fẹ́ fèsì. Iṣẹ́ ti lọ, ìròyìn iṣẹ́ ni kò dé. N kò sì sọ fún éjẹ́ńtì pé pípè lẹ́ẹ̀mejì kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú pípè lẹ́ẹ̀kan. Ó pè é lẹ́ẹ̀meje. Ọlọ́kadà méje kúrò níwájú ìsọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn gun òkè lọ sí Mápó bí ẹni tó ń sin olóyè tuntun, wọ́n ń gbé kóńgò láfún kan ṣoṣo. Ẹni àkọ́kọ́ ló gbé e. Àwọn mẹ́fà tó kù ń gba owó lásán.

ÌGBÉSẸ̀ KẸWÀÁ: Wá ẹni tí wàá dá lẹ́bi

Má padà sídìí àlàyé. Bí o bá kà á, ó lè ye ọ́ pé kò yé ẹnikẹ́ni. AI ni kí o dá lẹ́bi. Pa á tì, lọ ra èyí tó wọ́n jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Èyí tuntun gbọ́ Yorùbá dénú eegun, kò fi àmì kan sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, oníbàárà kan ní kí á bá òun wa oko. Ó dáhùn, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀ ní pípé: "Ẹ ǹlẹ́ o, mà. Ọkọ Ìbàdàn lẹ fẹ́ ni, àbí ti òkè òkun?"

O ti gba gbogbo ẹ̀kọ́ tó wà lọ́wọ́ mi tán. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí àwọn ènìyàn ṣì máa ń bi mí ni ibi tí èlùbọ́ àpọ́n yẹn já sí. Kò dá a padà. Ó ní alẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ òun, òun ti sanwó. Àpò kan ló jẹ nínú rẹ̀. Ó gbé àwọn mẹ́rin yòókù sí kọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀, ó ra kóńgò, ó wá fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn rẹ̀ pé: "Èlùbọ́ iṣu. Kóńgò kan ₦1,500. Kò sí ti láfún. Kò sí àwìn. Bí a kò bá ṣí i, a ti lọ síbi iṣẹ́, ẹ padà wá ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́."

Àná ni Àǹtí rán mi lọ ra kóńgò méjì níbẹ̀. Mo dé ibẹ̀ ní aago mẹ́fà, mo rà á, n kò bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun.